Etí Ìró

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ọ̀jẹ́yẹmí,
àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Màsífà,
etí ìró mi ló máa ń dì mú sùn.
Bí mo bá yí, á yí.
Bí mo bá dìde, á ti jókòó:
"Ìyá àgbà, ibo lẹ̀ ń lọ?"
Ṣáláńgá ni mò ń lọ, ọmọ ọmọ mi.
Á ní òun náà ń bọ̀. A jọ ń lọ.

Ìyá rẹ̀ wà n'Ílọrin, ó ń ránṣọ.
Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè, bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá gbà.

Ọjọ́ tí Tíṣà Ajíbóyè wá sọ fún mi
pé àwọn ń kó ọmọ lọ sóko kajú létí odò Ọbà,
òru mẹ́fà, nínú ọlidé gígùn, nígbà tí òjò dúró mí díẹ̀,
kò síná, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ìyá àgbà,
mo wo ẹnu rẹ̀ títí.
Mo ní, "Tíṣà, ṣé ilé tí a kọ́ ń jò ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí àpótí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù fi wà níbẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹrin, mo fọwọ́ sí i,
mo mú àlùmọ́gàjí,
mo gé etí ìró mi, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan,
mo ká a sábẹ́ ọṣẹ nínú báàgì rẹ̀.
N kò sọ fún un.
Ó ní òun ti rí i kí ọkọ̀ tó dé Tákíé.

Èmi ni n kò sùn.
Lóru kejì, òjò ṣú, kò rọ̀,
ó kàn ń kùn bí àgbà tí wọ́n ṣẹ̀.
Mo dìde, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé ibo ni mò ń lọ.
Mo dúró tòun ti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́,
mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Ó dé lọ́sàn-án Sátidé,
ó dúdú bí ìdí ìkòkò, orúnkún rẹ̀ bó,
òórùn èéfín ń bẹ nínú irun rẹ̀.
Etí ìró mi dà?
Ó ní kùkùté gún Mùíbátù, ọmọ Arówómọlẹ̀, lẹ́sẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò sẹ́ni tó ní aṣọ mímọ́ àfi òun,
òun sì fà á yọ, òun fi dì í.
"Òru wo nìyẹn?"
"Òru kejì."
Mẹ́rin tó kù ńkọ́? Kí lo dì mú?
Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èdè Tápà.
"Mo sùn ni, Ìyá àgbà."

Ó sunkún lóru kìíní, kò fi pa mọ́.
Ó sọ pé wọ́n ń dáná láìsí kẹrosíìnì.
Ó sọ pé òun yọ̀ ṣubú sódò, omi dé òun láyà,
òun ké, òun ké,
Tíṣà ò sáré wá; ó dúró lápá ibí, ó ní,
"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Kí ló ń tẹ̀?"
Òun wá tẹ̀ ẹ́ wò.
Ilẹ̀ ni.

Lóru ọjọ́ náà, wọ́n mú iná lọ.
Kò di ìró mi mú,
ìró ẹsẹ̀ mi ló gbọ́.
Ó bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì."
Kí ni?
"Ẹ pa á, kí ẹ ka ogún. Ojú ló máa ń kọ́ òkùnkùn."

Mo pa á. Mo ń kà.
Ní méjìlá, ògiri yọ.
Ní mẹ́rìndínlógún, agbada omi, igi ìbẹ́pẹ,
oníkálukú lórí ìjókòó rẹ̀,
bí àlejò tó ti ń dúró dè mí láti ọjọ́ pípẹ́.
Ọmọ náà ti ṣíwájú.
Mo nawọ́, mo ń wá nǹkan dì mú,
etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ọwọ́ mi bà.